Ọjọ́ Tí Àǹtí Mi Se Ìgbín Mùsíọ́ọ̀mù

Ká ní ẹnì kan sọ fún mi nígbà tí mo wà ní Ṣágámù pé ìgbín ni màá lọ máa bọ́ ní ìlú òyìnbó, ǹ bá ní kí onítọ̀hún lọ fomi tútù bọ́jú. Ìgbín tí à ń ṣà lẹ́yìnkùlé wa lẹ́yìn òjò! Èyí tí màmá mi máa ń kó sínú garawa, tí á fi òkúta lé ìdérí rẹ̀ kí wọ́n má baà wọ́ jáde. Àmọ́ iṣẹ́ tí mo padà rí nìyẹn, iṣẹ́ gidi, tó ní aṣọ àti káàdì tí wọ́n ń gbé kọ́rùn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe lọ.

Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bolton, nítòsí Manchester, ni wọ́n kọ́kọ́ gbà mí sí. Páálí là ń tò látàárọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi wú. Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó lè bí mi lọ́mọ, òun náà ń gbé ẹrù wúwo. Níbi tí mo ti wá, èèyàn ò lè kọjá lára àgbà tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. Mo dúró, mo tẹrí ba díẹ̀, mo ní, “Well done, sir.” Ó wò mí. Nígbà tí mo tún kọjá, mo tún kí i. Nígbà tí mo kí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ju páálí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ṣé mo rò pé òmùgọ̀ lòun ni. Ọ̀gá wa pe àwa méjèèjì sí ọ́fíìsì. Mo ń ṣàlàyé pé “ẹ kú iṣẹ́” ni mo ní lọ́kàn, pé mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbẹ́nu dákẹ́. Òtútù ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, òjò ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀: kéèyàn rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kó má lè kí i.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ náà tún dà mí láàmú. Obìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì Openshaw fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní, “There you go, love.” Mo jókòó síwájú, mo ń rò ó. Lọ́jọ́ kejì, mo fín lọ́fínńdà sára kí n tó jáde. Ó sọ ọ́ fún mi lóòótọ́. Ó tún sọ ọ́ fún ìyá arúgbó tó wà lẹ́yìn mi, ó sì sọ ọ́ fún bàbá kan tí ẹnu rẹ̀ ń rùn fún ọtí. Mo gba kádàrá.

Ọ̀dọ̀ àbúrò màmá mi ni mò ń gbé ní Openshaw, àdúgbò kan ní Manchester. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é ní Mummy Dámi, èmi ń pè é ní Àǹtí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Dámilọ́lá, ni Ọlọ́run sì fún un. Ìlú yìí ni wọ́n bí Dámi sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ ohùn àwọn ará Manchester ló fi ń sọ ọ́, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Kí n tó dé ni Dámi ti jáwọ́ nínú wíwá sílé. Ó ti sọ fún màmá rẹ̀ nínú kíṣìnì pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Claire, ọmọ Bolton, lòun fẹ́ràn, àwọn méjèèjì sì ti gba ilé sí Eccles. Àǹtí ò pariwo. Ó kàn pa gáàsì, ó ní, “Ilé yìí ò ní di èèwọ̀ fún ẹ, ọmọ mi. Àmọ́ ìwọ nìkan ni kó o máa wá.” Dámi fèsì pé òun ò ní dá wá. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, ọdún ń gorí ọdún. Tó bá di Sọ́ńdè, wọ́n á máa kí i, “Mummy Dámi, ẹ káàbọ̀ mà,” á máa rẹ́rìn-ín sí wọn, èmi tí mo jókòó tì í á sì rí bó ṣe di báàgì rẹ̀ mú gírígírí. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Àánú Dámi náà ń ṣe mí, torí mo máa ń yọ́ lọ sí Eccles lọ jẹun lọ́dọ̀ wọn. Claire mọ ẹ̀fọ́ rírò jù mí lọ, ẹ má sọ fún ìyá mi.

Nígbà tó yá, mo ríṣẹ́ sí mùsíọ́ọ̀mù kan láàárín ìlú, níbi tí wọ́n kó egungun ẹranko sí, pẹ̀lú àwọn ẹyẹ tí wọ́n ti kú tipẹ́ tí wọ́n sì dúró bí ẹni fẹ́ fò. Wọ́n tún ní àwọn tó wà láàyè: ọ̀pọ̀lọ́, alángbá, àti ìgbín kan nínú àpótí onígíláàsì tí wọ́n fi iná mú gbóná. Ìgbín ilẹ̀ wa gan-an ni o, ó tóbi ju ìkúùkù mi lọ. Gloria lorúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ òyìnbó máa ń tò lórí ìlà kí wọ́n lè fọwọ́ kàn án. Fiona, ọ̀gá mi, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í jẹ ẹran, bi mí bóyá mo mọ ohunkóhun nípa ìgbín. Mo ní mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mi ò sọ ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé.

Mo pe bàbá mi kí n fún un ní ìròyìn ayọ̀.

“Kí ni wọ́n gbà ọ́ láti máa ṣe níbẹ̀?”

“Mò ń tọ́jú ìgbín, Bàbá.”

Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. “Ṣé wọ́n ń tà á ni?”

“Rárá, Bàbá. Wọ́n ń wò ó.”

“Wọ́n ń wò ó kí ó ṣe kí ni?”

“Kó máa rìn.”

Mo gbọ́ tó ń sọ fún màmá mi lábẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n fi àdúrà kún àdúrà lórí ọ̀rọ̀ mi.

Nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, gbogbo Manchester máa ń ṣàjọyọ̀ Pride, àjọ̀dún àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Lọ́dún kan, Fiona ní àwa náà á bá wọn ṣe é, àmọ́ àwọn ẹranko la máa fi ṣe é. Ó fẹ́ káwọn èèyàn rí i pé àtìgbà tí ayé ti wà ni oríṣiríṣi ti wà, pé ọ̀rọ̀ akọ àti abo ò fìgbà kan rọrùn tó bá a ṣe ń sọ ọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n dúró ti Gloria, torí akọ ni ìgbín, abo náà sì ni, nínú ara kan ṣoṣo. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu yà mí. Gbogbo ìgbín tí mo ti jẹ láyé mi! Lọ́jà Ṣágámù, èèyàn á ní àkùkọ lòun fẹ́, ẹlòmíì á ní abo ewúrẹ́, àmọ́ mi ò gbọ́ rí kí oníbàárà kan ní kí wọ́n bá òun wá akọ ìgbín. Onígbà díẹ̀ ni mí níbi iṣẹ́ nígbà yẹn. Fiona ní tí Sátidé yẹn bá lọ dáadáa, òun á ní kí wọ́n gbà mí pátápátá.

Ní Tọ́sìdè, wọ́n wá kun yàrá náà ní ọ̀dà. Òórùn ọ̀dà ò dáa fún ìgbín, ni Fiona bá ní kí n gbé Gloria lọ sílé di Sátidé. Mo tẹ́ ewé létùsì sínú ike áísìkiriìmù, mo gbé Gloria lé e, mo dáhò sí ìdérí, mo sì gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì. Àǹtí ti lọ ìpàdé àdúrà nígbà tí mo délé. Mo gbé ike náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà tó ń mú ilé gbóná nínú kíṣìnì kí ara Gloria lè móoru, mo sì lọ sùn.

Ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Nílé Yorùbá wo ni wọ́n ti ń rí áísìkiriìmù nínú ike áísìkiriìmù? Ọbẹ̀ ni, tàbí ẹran, tàbí ẹ̀gúsí lílọ̀.

Òórùn ata rodo ló jí mi ní Fúráìdè. Ọjọ́ ìbí Àǹtí ni, mo sì ti gbàgbé pátápátá. Orin ló ń kọ nínú kíṣìnì. Bó ṣe rí mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúre.

“Ọlọ́run á gbé ẹ ga! Àwọn ọmọ ẹ á rántí ìwọ náà! Látìgbà tí mo ti ń wí pé ojú ìgbín tútù ń pọ́n mi, frozen, frozen ni wọ́n ń tà fún mi. Ibo lo ti rí i? Má sọ fún mi. Tí police bá bi mí, mi ò fẹ́ mọ̀.”

Ó gbé àwo ìrẹsì síwájú mi. Oorun ò tíì dá lójú mi, mo kàn ń jẹun ni. Màá sì sọ òótọ́: ó dùn. Ó le lẹ́nu bó ṣe yẹ kó le, ata ẹ̀ dúró, àlùbọ́sà ẹ̀ ò pọ̀ jù. Ìgbà tí mo gbójú sókè láti dúpẹ́ ni mo rí ike áísìkiriìmù lórí síǹkì, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti dojú ẹ̀ délẹ̀ kó lè gbẹ.

Mo ti jẹ Gloria dé ìdajì.

“Àǹtí,” mo ní, “ìgbín mùsíọ́ọ̀mù ni.”

“Ìgbín kí ni?”

“Ti ibi iṣẹ́ mi. Ó lórúkọ.”

Ó fi ṣíbí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. “Ó lórúkọ?”

“Gloria.”

“Yéè! Mo ti se Gloria!” Ó fọwọ́ lérí. “O ò wá lè sọ fún èèyàn? O gbé ìgbín sínú ike ọbẹ̀, o tẹ́ ẹ̀fọ́ sábẹ́ ẹ̀, o gbé e síbi iná! Kí lo fẹ́ kí n rò?”

Àǹtí kì í pẹ́ nínú ìpayà, kíá ló ti ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ó mú ìkarahun tó ti fà á yọ nínú rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

“Kò fọ́. Ká ki òkúta bọ inú ẹ̀, ká gbé e lé létùsì. Ta ló fẹ́ mọ̀? Ṣebí ìgbín kì í sáré.”

“Àǹtí, àwọn ọmọdé máa ń gbé e lọ́wọ́.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ń ta oúnjẹ ilé wa, láti Openshaw dé Bolton. Èyí tó ti dì gbagidi ni gbogbo wọn ní. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Èmi mọ ibi tí òmíràn wà. Gloria ti yé ẹyin nígbà kan, mùsíọ́ọ̀mù sì gbà kí n fún àwọn èèyàn ní díẹ̀ nínú ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan wà ní Eccles, nínú pálọ̀ Dámi àti Claire. Ó ti dàgbà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyá rẹ̀, tàbí bàbá rẹ̀. Pastor ni wọ́n sọ ọ́, torí tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í tètè parí.

Mo lè pe Dámi fúnra mi. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù mi, a ti jọ sọ̀rọ̀ lánàá pàápàá. Àmọ́ mo wo Àǹtí bó ṣe jókòó ti oúnjẹ ọjọ́ ìbí rẹ̀, èmi nìkan ló rí bá jẹ ẹ́, èmi tí mo gbàgbé ọjọ́ ìbí ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ ìgbín kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ìyá yìí àti ọmọ rẹ̀ gbọ́ ohùn ara wọn. Mo ki fóònù mi bọ àpò.

“Ìgbín kan wà,” mo ní. “Dámi ló ni ín. Àmọ́ tí mo bá pè é, kì í gbé e.”

Àǹtí dìde, ó tún ike tó ti fọ̀ fọ̀. Ó nu ọwọ́, ó mú fóònù rẹ̀, kò sì wo ibì kankan tó fi tẹ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀.

“Mum?” Kò pẹ́ rárá tó fi gbé e. “Mum, kí ló ṣẹlẹ̀? Who's died?”

“Gloria.”

“Which Gloria?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, Dámi. Mo kàn sè é ni.”

Èmi ni mo gba fóònù tí mo ṣàlàyé. Dámi rín ẹ̀rín títí ó fi ń wúkọ́. A gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún Claire, ìyẹn náà bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí fẹ́ bínú. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó sì rín in títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín tán, omi ojú ò tán.

“Happy birthday, Mummy,” Dámi ní, jẹ́jẹ́. “Màá mú un wá sí mùsíọ́ọ̀mù lọ́la. But I'm not coming on my own, you know that. Claire ló ń wa mọ́tò.”

“Ìgbín ni mo ní kó o mú wá,” Àǹtí ní. “Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.” Ó pa fóònù.

Láàárọ̀ Sátidé, mo bá a nínú pálọ̀ tó ti múra, gèlè lórí, báàgì lápá. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ó ní ọmọ tóun gbà sílé ò lè jẹ̀bi níwájú ọ̀gá rẹ̀ kí òun jókòó sílé, òun fúnra òun lòun máa bá mi bẹ̀ ẹ́. Bá a ṣe dé ẹnu ọ̀nà mùsíọ́ọ̀mù, àsíá Pride aláwọ̀ òṣùmàrè ni lọ́tùn-ún àti lósì.

“Kí ni gbogbo àwọ̀ yìí?”

“Ètò ẹranko ni, Àǹtí.”

“Ẹranko wo ló ń ta àsíá?”

Kí n tó rí nǹkan sọ, Fiona ti ń bọ̀ wá kí wa. Àǹtí pa ọwọ́ pọ̀. “Madam, please, I have come to beg on behalf of my son. I cooked your snail. I didn't know she was staff.”

Fiona wò mí, ó wo Àǹtí, ó wo gèlè Àǹtí. “Cooked,” ó ní.

“With rice,” Àǹtí ní.

Fiona wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Mo rí i látojú gíláàsì, èjìká rẹ̀ ń mì, mi ò sì mọ̀ títí dòní bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Nígbà tó jáde, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní òmíràn ń bọ̀ láti Eccles. Ó ní kí n lọ dúró síbi tí wọ́n fi mí sí. Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ ò lè sọ pé kò ní àánú.

Àǹtí ní tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ká. Ó dúró níwájú akọ ẹyẹ dúdú méjì, irú àwọn ọlọ́rùn gígùn tó jọ pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé akọ méjì lè jọ máa gbé, kí wọ́n sì jọ tọ́ ọmọ. Ó ṣe “hẹn,” ó kọjá. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹja kékeré kan tí orí rẹ̀ rí bí orí ẹṣin.

“Wọ́n ní akọ èyí ló ń lóyún?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Akọ ló ń gbé e, òun náà ló ń bí i.”

Ó tẹjú mọ́ ọn. “Ó yẹ kí n ti rí ẹja yìí kí n tó fẹ́ bàbá Dámi.”

Ibi tó pẹ́ sí jù ni ọ̀dọ̀ ẹja aláwọ̀ ọsàn kan tó nílà funfun lára. Tí abo tó jẹ́ olórí wọn bá kú, akọ tó tóbi jù nínú wọn á di abo, á sì gba ipò rẹ̀.

“Ta ló ń kọ́ ọ?” Àǹtí bi mí.

“Kò sẹ́ni, Àǹtí. Ìsàlẹ̀ òkun ló ń gbé.”

“Kò gbé ìlú òyìnbó rí?”

“Kò gbé e rí.”

Mo mọ ohun tó ń rò. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ohun tí wọ́n ń sọ fún un ni pé Manchester ló ba ọmọ rẹ̀ jẹ́, pé ká ní ilé ló ti tọ́ ọ ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fọwọ́ sí i léjìká bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Èmi náà ti gbà á gbọ́ rí. Àmọ́ ẹ̀yìnkùlé wa ní Ṣágámù ni ìgbín ń gbé látìgbà ìwáṣẹ̀, akọ àti abo nínú ìkarahun kan, kò sì dọ́gbọ́n fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwa la ò bèèrè. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un, mo sì rò ó pé ọ̀rọ̀ ìgbín lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn lè di ìjà.

Ibẹ̀ la wà tí Claire fi wọlé, irun rẹ̀ pupa bí epo, garawa Pastor lọ́wọ́ rẹ̀. Dámi wà lẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí rí wọn, ó sì gbójú sókè sí egungun ẹja ńlá kan tí wọ́n so kọ́ sókè àjà, ó ń wò ó bí ẹni fẹ́ rà á. Mo gba garawa. Claire lọ tààrà síwájú Àǹtí, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé tó wọ̀, ó sì kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, lórí ilẹ̀ olókùúta.

“Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ọjọ́ ìbí.”

Ohùn Bolton gbé e gba ibòmíì, àmọ́ ó yé wa. Àǹtí ṣì ń wo egungun òkè. Claire ò dìde.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Wọ́n rò pé ara ohun tá a ṣètò ni, àwọn kan yọ fóònù. Obìnrin kan bi mí, èmi tí mo wọ aṣọ mùsíọ́ọ̀mù, bóyá èyí náà wà lára ètò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Dámi,” Àǹtí ní, kò wo ìsàlẹ̀. “Ní kó dìde.”

“It doesn't work like that, Mummy. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́.”

“Ta ló kọ́ ọ nírú èyí?”

“Èmi ni.” Dámi sún mọ́ wọn. “Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.”

Ẹ̀rù bà mí. Gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo ti ń ṣe láti àná kúrò lára mi. Tí Àǹtí bá fi lè yí padà kó máa lọ, Dámi ò ní gbé fóònù rẹ̀ mọ́ láé, èmi ni mo sì fà á. Mo wo ọwọ́ Àǹtí lórí báàgì. Mo wo orúnkún ọmọbìnrin náà, ó ti ń pọ́n.

Àǹtí wo Dámi. Ó wò ó látorí dé ẹsẹ̀, bí ìyá ṣe máa ń wo ọmọ tó ti ìrìn àjò dé, bóyá ó rù, bóyá ó sanra. Ó tún wo Claire. Ó sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ ba, gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́, ó sì fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọmọ náà.

“Ó tó,” ó ní. “Dìde. Dìde, Àjọkẹ́.”

Claire bi Dámi léèrè pé orúkọ ta nìyẹn. Dámi fẹ́ dá a lóhùn, àmọ́ ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.